Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kò Tíì Yá Tán: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àtiléṣe fún Àgbà Òṣìṣẹ́ Tó Ń Padà Bọ̀

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ nínú oṣù kẹta, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba láti ìpele 12 wá sísàlẹ̀ jókòó sílé. Àwọn tó wà lókè ìyẹn, kí wọ́n ṣì máa bọ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ọ̀gá ló ń buwọ́ lùwé, ọwọ́ ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló ń wà lókè ìpele 12? Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í wọ́n nínú báàgì wọn, àwọn gan-an tí dókítà ń pariwo pé àrùn ọ̀hún tètè ń ṣe léṣe. Ọ̀dọ́ ni a fi pamọ́ sílé, àgbà ni a rán jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìjọba Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta. Edo náà mú un wá sí mẹ́ta, ó ní kí òṣìṣẹ́ máa fi méjì tó kù ṣiṣẹ́ láti ilé. Nínú oṣù kejì 2024, Èkó dín tirẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn ìpele ìsàlẹ̀, mẹ́rin fún àwọn ọ̀gá. Bí ipò bá ṣe ń ga sí i ni ẹsẹ̀ ń rìn sí i.

Àrùn àti epo bẹntiróò ló gbé iṣẹ́ àtiléṣe, ìyẹn kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ láti ilé, wọ ọ̀rọ̀ ìjọba wa. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ yìí tó wo ìlera ẹni kọ̀ọ̀kan kó tó pín ọjọ́. Ẹni tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tí apá òsì rẹ̀ kò tíì le dáadáa, tó sì ku ọdún mélòó kan kó fẹ̀yìntì, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ lẹ́tà náà. Bẹ́ẹ̀ rèé, òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rántí. Mo ti wo ohun tí òfin wa sọ, ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń ṣe àti ohun tí àwọn olùwádìí rí, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ ni pé ilé fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìrànlọ́wọ́. Àdéhùn ni ìrànlọ́wọ́: iṣẹ́ mélòó, fún ìgbà wo, ta ni yóò máa bójú tó o. Níbi tí àdéhùn kò bá sí, láptọ́ọ̀pù tí a gbé lé aláìsàn lẹ́sẹ̀ nílé kò yàtọ̀ sí ẹrù tí a gbé tọ̀ ọ́ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń bá wí. Iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ń parí nígbà tí ènìyàn bá pé ọgọ́ta ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu rẹ̀, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Òfin kan ní 2022 sún ti olùkọ́ dé ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lè ṣe é dé 70. Nítorí náà, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni a ti ń pe òṣìṣẹ́ ní àgbà níbí. Ohun tó ń gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan pọ̀: jẹjẹrẹ ọmú, iṣẹ́ abẹ, egungun ìbàdí tó kán, ọkọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí ìyá arúgbó tí kò sí ẹlòmíì tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn nílẹ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe lásán. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, wo àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fà á, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tó kọlù sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 59.

59! Ọdún kan péré kí ìwé ìfẹ̀yìntì tó dé. Lásìkò yẹn, àbíkẹ́yìn lè ṣì wà ní yunifásítì, ilé lè má tíì ní òrùlé, owó kọpurétíìfù ṣì ń já lára owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń sáré padà kí ara rẹ̀ tó yá. Àwọn ará ilé ń rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ni, àwọn ará ọ́fíìsì ń yìn ín pé akíkanjú ni, òun nìkan ló mọ iye tó wà nínú ìwé gbèsè.

Bí a bá ṣí àwọn ìwé òfin wa, a ó rí ẹni tí ara rẹ̀ yá, a ó sì rí ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán pátápátá. Ẹni tó wà láàárín ni a kò rí. Òfin òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tó lè fi ṣàìsàn tí owó rẹ̀ kò ní dín, bí dókítà bá ti kọ̀wé sí i. Ọjọ́ méjìlá! Ibà tó gbóná díẹ̀ lè jẹ ìdajì rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gbà kí ẹni tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá ní kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ fẹ̀yìntì, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀. Òfin 2010 tó wà fún ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe dára ju ìyẹn lọ: agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF, a sì lè lò ó láti tún ẹni tó fara pa kọ́ ní iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n o ní láti fi hàn pé iṣẹ́ ló ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò fi hàn pé ọgbọ̀n ọdún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ló gbé ẹ̀jẹ̀ òun sókè?

Òfin kan ṣì tún wà, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, tó sì ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ààyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo ẹni tí rọpárọsẹ̀ sọ di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó máa lọ forúkọ sílẹ̀. Alàgbà ìjọ, igbá kejì ọ̀gá àgbà, bàbá ìyàwó nínú ìgbéyàwó oṣù tó ń bọ̀, kó lọ tò sórí ìlà pé abirùn lòun? "Ara mi ń bọ̀ sípò" ni yóò máa wí títí wọn yóò fi sin ín délé lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ni àánú. "Ẹ máa bọ̀ ní aago mẹ́wàá, sà." "Ẹ má gun àtẹ̀gùn, mà, a ó gbé fáìlì náà sọ̀kalẹ̀ wá bá yín." Ẹnìkan ń bá wọn buwọ́ lu ìwé ìwọlé, ẹnìkan ń bá wọn tẹ ìròyìn. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ni àánú yìí gbé dé èbúté ìfẹ̀yìntì. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí lákọsílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀gá aláàánú lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tí ẹni tuntun bá dé tó béèrè ìdí tí ìyá yìí kì í fi í sí níjòókòó ní aago mẹ́jọ, ẹnu á wọhò.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti gbìyànjú láti fún ẹni àárín yìí ní àyè nínú ìwé. Lẹ́yìn ìròyìn tí Dame Carol Black kọ fún ìjọba ní 2008, wọ́n pààrọ̀ ìwé àìsàn àtijọ́ ní oṣù kẹrin 2010. Dípò kí dókítà kàn ní kí aláìsàn má lọ síbi iṣẹ́, ó lè sọ pé ẹni yìí lè ṣe díẹ̀, bí ọ̀gá rẹ̀ bá lè ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe mẹ́rin ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà: kó padà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n yí wákàtí rẹ̀ padà, kí wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n tún ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe. Láti 2022, kì í ṣe dókítà nìkan ló lè fọwọ́ sí i mọ́. Nọ́ọ̀sì àti apòògùn náà lè ṣe é. Ẹ ṣàkíyèsí pé "kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé" kò dá dúró láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lè wà lábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, kò sì lè rọ́pò ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣètò fọ́ọ̀mù yẹn mọ ohun tó ń ṣe, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ju àwọn tó ń lò ó lónìí lọ.

Òfin ìdọ́gba ti 2010 wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù yìí. Ó sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dí lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ sì lè ka iṣẹ́ àtiléṣe mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè fún ètò iṣẹ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gba iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín oṣù méjì. Ẹ̀tọ́ láti béèrè ni o, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí gbà: ìdí mẹ́jọ ló wà nínú òfin tí ọ̀gá lè fà yọ láti fi kọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Access to Work, owó ìjọba tó lè ra àga tó gbé ẹ̀yìn ró tàbí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ, tó sì lè san owó tákísì fún ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì. Owó yẹn ló sọ àdéhùn di ohun tí a lè fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú Ọba fagi lé òfin tó jẹ́ kí ọ̀gá lè lé ènìyàn lọ nítorí pé ó pé ọdún 65 ní 2011, ọjọ́ orí tí ìjọba fi ń san pẹ́ńṣọ̀n sì ti di 66, ó sì ń lọ sí 67 láàárín 2026 sí 2028. Àwọn tó wọ Peckham àti Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ní ayé àwọn ọdún 1980 àti 1990 ti ń sún mọ́ ibẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó, tí iṣẹ́ òru ti bá ẹ̀yìn àti eékún wọn jẹ́. Ta ni yóò máa yí arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì láti ilé? Iṣẹ́ wọn kò gba ilé, àyàfi bí a bá yí i padà. Nọ́ọ̀sì tí kò lè gbé aláìsàn mọ́ ṣì lè gbọ́ ikọ́, kó gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń mí lórí fóònù, kó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá pé kó lo parasítámọ̀. Ìlà 111 tí wọ́n ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera ń gba irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ń ṣe é láti ilé wọn. Níbẹ̀, ìrírí ọgbọ̀n ọdún gan-an ni wọ́n ń rà, kì í ṣe agbára apá.

Nẹ́dálándì mú un le jù. Agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ ń san ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù aláìsàn fún ọdún méjì gbáko. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2002 wá ní kí dókítà iléeṣẹ́ kọ ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́ náà àti ohun tó ṣì lè ṣe sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ sì ti jọ ṣètò ìpadàbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Owó ló ń mú ọ̀gá yára. Ní Jámánì, bí òṣìṣẹ́ bá ti ṣàìsàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láàárín ọdún kan, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pè é jókòó láti sọ bí yóò ṣe padà, òṣìṣẹ́ sì lómìnira láti kọ̀. Ó tún lè máa ṣe wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ kí wọ́n ṣì kà á sí aláìsàn, kí àjọ ìbánigbófò ìlera sì máa san owó àìsàn fún un títí yóò fi lè ṣe odidi ọjọ́. Èyí yẹ ní rírò fún wa, nítorí ohun tó ń bá àgbà wa jà ni pé wákàtí mẹ́ta tí agbára rẹ̀ gbé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àbọ̀ ọjọ́ kò ní orúkọ: o wá tàbí o kò wá.

Àwọn olùwádìí ńkọ́? Ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí wá láti Ṣáínà. Ní 2010 sí 2011, Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iléeṣẹ́ ìrìn-àjò Ctrip ní Shanghai dán an wò. Wọ́n ní kí ìdajì àwọn tó ń dáhùn ìpè oníbàárà, láàárín àwọn tó fínnúfíndọ̀, máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ wọn gbé sókè ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà yìí ti rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá. Púpọ̀ nínú ìdá 13 yẹn wá láti inú pé ìsinmi tí wọ́n ń gbà láàárín iṣẹ́ dín kù, wọn kò sì gba ọjọ́ àìsàn tó bí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, èrè ni. Fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí àìsàn, ẹni tí dókítà ní kó máa sinmi ní wákàtí wákàtí, ewu ni nọ́ńbà yẹn ń júwe. Ẹni tó wà nílé ń tijú láti sọ pé ara òun kò dá, ó ń rò pé ilé tí wọ́n jẹ́ kí òun wà ti tó oore. Nígbà tí ìdánwò náà parí tí wọ́n ní kí oníkálukú tún yàn, ó lé ní ìdajì tó yí ìpinnu rẹ̀ padà, ìdánìkanwà sì wà lára ohun tí wọ́n ráhùn sí jù. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Iléeṣẹ́ tó bá fi ìwádìí yìí ṣe àlàyé ohun tó ń ṣe fún ẹni ọgọ́ta ọdún ń yá aṣọ tí kò bá a mu.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù ni ti Amẹ́ríkà. Ní 2019, ìdá 19.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní ìpèníjà ara ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 2023, ó ti di 22.5, èyí tó ga jù títí di ọdún náà láti ìgbà tí ìjọba ti ń kà á. Àìtó òṣìṣẹ́ lẹ́yìn kòrónà wà lára ohun tó fà á, àmọ́ iṣẹ́ àtiléṣe kó ipa tirẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé nínú ilé nítorí pé ọ̀nà ọ́fíìsì ti le jù fún wọn ló rí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ pé, ìrìn-àjò ni àìsàn, kì í ṣe iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí orí bá ni ọ̀rọ̀ kàn ńkọ́? Àwọn tó ń tọ́jú rọpárọsẹ̀ mọ àárẹ̀ kan tó máa ń tẹ̀lé e, èyí tí oorun kì í lé lọ, tó lè kọlu ènìyàn lẹ́yìn ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bíi pé ó ro oko. Ìpàdé orí Zoom sì ń jẹ agbára ju ìpàdé ojúkojú lọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀: ohùn ń já, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí, nígbà tí bàbá bá sì rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, wọ́n ti dé kókó kẹta. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohùn WhatsApp tó lè tẹ́tí sí lẹ́ẹ̀mejì sàn ju ojú mẹ́wàá lórí gíláàsì lọ.

Ẹ wá bá mi wọ ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti kọ àwọn òfin tí mo ń sọ, bí ọkọ bá lọ síbi iṣẹ́ tí ọmọ lọ sílé ìwé, ilé á pa rọ́rọ́. Ilé àgbà Yorùbá dà bí gáréèjì: ẹni kan ń wọlé, ẹni kan ń jáde, gbogbo wọn ló sì ń kí. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ara Mọ̀mí kò dá, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ á wá gbàdúrà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá á wá jókòó, mọ̀lẹ́bí á dé láti Ọ̀ṣun pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti àgbo. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló jẹ́ pé ẹni tó wá kí i ló mú un dìde. Ṣùgbọ́n ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Tuesday, tí Mọ̀mí ń ṣe àyẹ̀wò ìwé owó fún iléeṣẹ́, ta ni yóò sọ fún àlejò pé kó dúró? A kì í sọ bẹ́ẹ̀. Àgbà tó jókòó sílé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nìyẹn, láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú rẹ̀ kò yí i padà. Ìyàwó ọmọ náà á gbé ọmọ jòjòló lé e lọ́wọ́: "Ẹ bá mi wò ó díẹ̀, mà, mo ń bọ̀ báyìí." Báyìí náà á di ọ̀sán.

Obìnrin ni èyí ń pọ́n lójú jù, mi ò sì tíì rí òfin kankan tó ronú nípa rẹ̀. Ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ń tọ́jú ọkọ tó dùbúlẹ̀, bí wọ́n bá ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé, inú yàrá tí àìsàn wà náà ni wọ́n rán an padà sí. Òun gan-an lè nílò ọ́fíìsì ju ẹni tó ń ṣàìsàn lọ, fún ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, kó lè gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú oògùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọ̀gá pinnu ilé fún ẹnikẹ́ni láìbi í.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì wa, ọ̀gá ẹ̀ka lè jẹ́ ẹni ọdún 38 tó ń pe ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní "Dádì". Ojúkojú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọ̀dọ́ á kúnlẹ̀ díẹ̀, á fi ẹ̀rín gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, àgbà á sọ pé "kò burú, ọmọ mi," iṣẹ́ á sì lọ. Lórí WhatsApp, gbogbo ìyẹn ń sọ nù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ìròyìn náà ránṣẹ́ kí ó tó di aago mẹ́rin" lè dún bí ìfojúdi létí ẹni tó ti ń ṣàníyàn pé wọ́n ti ń fojú aláìlera wo òun. Ọ̀dọ́ náà mọ̀, ó ń bẹ̀rù, kò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Ó ń fún ẹlòmíì ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àgbà wà nílé, owó ń wọlé, kò sí ẹni tó ń pè é. Ẹ má ṣe rò pé ìsinmi ni. Ó ti kúrò nínú iṣẹ́ láìfẹ̀yìntì, ó sì mọ̀.

Ewu yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ètò náà: kí ilé di ibi tí a ń kó àgbà pamọ́ sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Àgbà tí kò sí lọ́jà mọ́ ńkọ́? Ìwádìí kan tí Emanuel, Harrington àti Pallais ṣe láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà rí i pé ìjókòó nítòsí ara wọn ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ rí àtúnṣe sí iṣẹ́ wọn gbà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀, nítorí pé àkókò tiwọn ló ń lọ sí i. Tí a bá dá àgbà padà sílé, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lè yá, ẹ̀kọ́ ọ̀dọ́ á sì fà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ara bá ti gbé e, kí ọjọ́ kan tàbí méjì wà tí yóò fi wá, kí wọ́n má sì fi ìwé kankan síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó jókòó. Kí àwọn ọmọ wá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè olùṣàyẹ̀wò owó. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà, ó sì yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò kàn rárá: awakọ̀, bíríkìlà, ìyálọ́jà, ẹni tó ń gbálẹ̀ sẹkitéríátì. Iṣẹ́ àtiléṣe kì í ṣe ìdáhùn fún wọn, kí a má sì fi í bo ojú àìsí owó àìsàn tí wọ́n nílò ní ti gidi. Olùkọ́ wà láàárín. Kò lè kọ́ kíláàsì ogójì ọmọ láti ilé ní Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì, ṣùgbọ́n ó lè máa ṣètò ìbéèrè ìdánwò, kó ṣàtúnṣe ìwé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kékeré, kó sì máa máàkì, fún sáà kan, kó tó padà sídìí pátákó. Nísinsìnyí tí wọ́n ti fi ọdún márùn-ún kún ọdún iṣẹ́ wọn, àwọn tí àìsàn yóò ká mọ́ ẹnu iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i, mo sì retí pé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso olùkọ́ á ti máa múra sílẹ̀.

Kí ni lẹ́tà ìpadàbọ̀ tó dára yẹ kó ní? Kó kọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lórúkọ, àti èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á. Kó kọ wákàtí, kó sì sọ pé wákàtí mẹ́ta túmọ̀ sí pé a kò gbọ́dọ̀ pè é ní wákàtí kẹrin. Kó ní ọjọ́ tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò, kí ètò tí wọ́n ní fún oṣù méjì má baà di ọdún méjì láìsí ẹni tó béèrè. Kó sọ pé owó oṣù àti ìgbéga rẹ̀ kò yí padà. Kí ẹni tó kọ ọ́ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sínú fáìlì, kí ọ̀gá tuntun bá a níbẹ̀.

Ó ku ìlà kan tí lẹ́tà àwọn ará Ìlú Ọba kò nílò: ta ni yóò san owó iná? Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí náírà 225 fún ẹyọ kan, àwọn yẹn sì ni wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Ọ̀pọ̀ àgbà òṣìṣẹ́ ló kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú, tí jẹnẹrétọ̀ ló ń fún wọn níná, tí èéfín àti ariwo rẹ̀ kò sì bá ẹni tó ń gbádùn bọ̀ láti orí àìsàn lára mu. Dátà tún wà lórí ìyẹn. Bí iléeṣẹ́ bá sọ pé kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ nípa iná, owó tí ọ́fíìsì ń ná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé sí ọrùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè ọsibítù. Iléeṣẹ́ tó ń bu epo sínú ọkọ̀ ọ̀gá lójoojúmọ́ lè ra bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà méjì fún akọ̀wé àgbà. Kí wọ́n tẹ nọ́ńbà iléeṣẹ́ mọ́ ọn lára, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù, kó sì dá a padà lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìntì.